Oògùn Jàbùtẹ̀ Wà Lórí Káńtà ní Ibo Road

(Orin ìdánimọ̀ ètò dún, ó rọlẹ̀. Olùsọ̀rọ̀ wọlé.)

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ wà nídìí àdògán, ẹ jẹ́ kí rédíò máa sọ̀rọ̀, ọbẹ̀ kò ní jóná. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ni mo bá wá lónìí: ẹsẹ̀ tó wú, tó wú, tí kò wálẹ̀ mọ́, èyí tí à ń pè ní jàbùtẹ̀.

Ẹni tó bá mọ Kánò mọ Ibo Road ní Sábọ́n Gàrí. Rélùwéè dé Kánò ní 1911. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba òyìnbó ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ lẹ́yìn odi ìlú fún àwọn akọ̀wé, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àti àwọn oníṣòwò tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ìyẹn gúúsù. Bí Sábọ́n Gàrí ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Orúkọ Ìgbò ló wà lára títì náà, ṣùgbọ́n Yorùbá, Hausa, Ẹdó àti Núpé jọ ń ná owó níbẹ̀ ni, ó sì ti pẹ́ tí òwò oògùn ti wà lára ohun tí àdúgbò wa fi lórúkọ. Páálí oògùn á wọlé láàárọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti gba orí ọkọ̀ lọ sí Katsina tàbí Jigawa, òmíràn á tilẹ̀ sọdá sí orílẹ̀-èdè Niger.

Nínú àwọn páálí yẹn, oògùn kan wà tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú yín. Doxycycline ni. Doxy ni ẹnu ọjà ń pè é. Wọ́n ń tà á fún àtọ̀sí, fún irorẹ́, fún ikọ́ tí kò lọ. Ẹlòmíràn á tú kápúsù rẹ̀ sójú egbò. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó dúró lẹ́yìn káńtà pé kí ló ní fún jàbùtẹ̀, ó ṣòro kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan Doxy. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú gbogbo oògùn tó wà lórí pẹpẹ yẹn, òun ni ìwádìí fi hàn jù lọ pé ó ń pa àgbà aràn tó ń fa jàbùtẹ̀. Oògùn kọ́ ló wọ́n wa. Àyẹ̀wò ló wọ́n wa, sùúrù ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló wọ́n wa, àti ẹni tí yóò máa bójú tó aláìsàn títí oògùn á fi tán.

Ẹ jẹ́ ká ti ìdí àìsàn náà mú un wá.

Nílé wa, bí ẹsẹ̀ ẹnìkan bá wú báyìí, ohun tí à ń sọ kì í ju méjì lọ: bóyá ó tẹ oògùn tí ọ̀tá rì mọ́lẹ̀, tàbí àìsàn ìdílé ni. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn wà tó ń gbọ́ mi báyìí tó ti ta ilẹ̀ nítorí ètùtù. N kò ní fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́; ẹni tí nǹkan ń dùn ni yóò máa wá ọ̀nà àbáyọ kiri. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọn ló ń gbé jàbùtẹ̀ láti ara ẹnìkan dé ara ẹlòmíràn. Ẹ̀fọn á mu ẹ̀jẹ̀ ẹni tí aràn wà lára rẹ̀, á fa àwọn ọmọ aràn wínníwínní mọ́ ẹ̀jẹ̀, wọ́n á sì lo nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 14 nínú ẹ̀fọn náà kí wọ́n tó gbó débi tí wọ́n fi lè wọ ara ẹlòmíràn. Dókítà ọmọ Scotland kan, Patrick Manson, ló kọ́kọ́ tọpa wọn dé inú ẹ̀fọn, ní ìlú Amoy ní China, ní 1877. Nígbà yẹn, kò tíì sí ẹni tó fi hàn pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà pàápàá. Wuchereria bancrofti ni orúkọ aràn tiwa ní Áfíríkà. Ní Nàìjíríà, Anopheles, ẹ̀fọn tó ń kó ibà bá wa, ló ń gbé e kiri jù lọ. Nẹ́ẹ̀tì tí ẹ ń ta nítorí ibà, iṣẹ́ méjì ló ń ṣe.

Bí aràn yìí bá ti wọlé, kì í gbé inú ìfun bí èyí tí à ń fi oògùn aràn yà. Ó ń lọ sínú àwọn iṣan tín-ín-rín tó ń kó omi ara padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ibẹ̀ ni akọ àti abo á ti máa gbé pọ̀. Abo gùn tó sẹ̀ǹtímítà 8 sí 10. Ó lè lo ọdún 5 sí 7 kó tó kú, á sì máa bí ọmọ ní mílíọ̀nù-mílíọ̀nù ní gbogbo àkókò yẹn. Òru ni àwọn ọmọ náà ń jáde wá sínú ẹ̀jẹ̀ tó sún mọ́ awọ ara, láàárín aago 10 alẹ́ sí aago 2 òru, àsìkò tí ẹ̀fọn ń jẹun. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òru ni wọ́n máa ń gba ẹ̀jẹ̀ fún àyẹ̀wò rẹ̀ láyé àtijọ́.

Kì í ṣe ẹ̀fọn kan, kì í ṣe alẹ́ kan. Ó gba kí ẹ̀fọn jẹni léraléra fún oṣù púpọ̀, fún ọdún pàápàá, kí aràn tó fìdí múlẹ̀ lára. Nítorí náà, ẹni tó ń gbé Ibo Road lónìí lè jẹ́ pé abúlé rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ló ti kó o nígbà èwe, tó ń gbé e kiri láìmọ̀, tí ẹsẹ̀ kò sì bẹ̀rẹ̀ sí wú títí ó fi di bàbá ọlọ́mọ. Ẹ má bi ara yín pé ta ni mo ṣẹ̀ ní Kánò.

Ọ̀nà méjì ló ń gbà yọjú. Ẹsẹ̀ ni gbogbo ayé ń rí. Èkejì wà lábẹ́ ṣòkòtò: ìpá. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé dá ètò sílẹ̀ ní 2000 láti pa àìsàn yìí rẹ́, ìṣirò wọn ni pé nǹkan bí mílíọ̀nù 120 ènìyàn ló ti kó aràn náà káàkiri ayé, àti pé ó ti ba ara mílíọ̀nù 40 nínú wọn jẹ́. Nínú mílíọ̀nù 40 yẹn, àwọn ọkùnrin oní-ìpá tó mílíọ̀nù 25, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ wíwú jẹ́ mílíọ̀nù 15. Ẹ ò rí i pé àwọn tí a kò rí ló pọ̀ ju àwọn tí a ń rí lọ. Káfútánì ńlá ni wọ́n fi ń bò ó mọ́lẹ̀. Ẹlòmíràn kò láya nítorí rẹ̀, kò sì ní sọ ìdí rẹ̀ fún ìyá tó bí i. Kò sí kápúsù tó lè gbé ìpá ńlá wálẹ̀ o. Iṣẹ́ abẹ ni, kì í sì í ṣe iṣẹ́ abẹ tó le. Ẹ̀yin ìyàwó tí ẹ mọ̀, ẹ bá wa bá wọn sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Ẹ óò ti rí àwọn tó ń pín oògùn lọ́dọọdún ní abúlé, àwọn tó ń fi ọ̀pá wọn gíga èèyàn kí wọ́n tó ka hóró oògùn lé e lọ́wọ́. Ivermectin àti albendazole ni wọ́n ń pín fún jàbùtẹ̀. Láti 1987 ni ilé iṣẹ́ Merck ti ń fi ivermectin tọrẹ nítorí àìsàn afọ́jú etí odò, wọ́n sì fi jàbùtẹ̀ kún un ní 1998. Àwọn tí iṣẹ́ wọn bí oògùn náà, Satoshi Ōmura ọmọ Japan àti William Campbell ọmọ Ireland, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Oògùn gidi ni. Ṣùgbọ́n ọmọ aràn inú ẹ̀jẹ̀ ló ń pa. Àgbà aràn wà níbi tó wà. Yóò sinmi fúngbà díẹ̀, yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí bímọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń padà wá lọ́dọọdún, kí ẹ̀fọn má baà rí ohun tí yóò gbé kiri títí àgbà aràn á fi darúgbó kú. Ọ̀nà yẹn sì ń ṣiṣẹ́. Togo ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ ní ìsàlẹ̀ Sàhárà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí pé ó borí jàbùtẹ̀, ní 2017. Nílé wa níbí, Plateau àti Nasarawa ti dá ìtànkálẹ̀ rẹ̀ dúró. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń lé olùpín oògùn padà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ẹ bá lọ sílé lọ́dún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba oògùn yẹn.

Ibi tí Doxy ti wọ ọ̀rọ̀ náà rèé.

Lẹ́yìn 1970, àwọn onímọ̀ tó ń fi maikirosíkóòpù alágbára wo inú aràn wọ̀nyí rí àwọn nǹkan róbótó kan nínú ara rẹ̀ tí kò jọ ara aràn. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, iṣẹ́ sì ń lọ. Ó tó nǹkan bí 20 ọdún kí wọ́n tó mọ̀ dájú pé bakitéríà ni, pé Wolbachia ni orúkọ rẹ̀, ìdílé kan náà pẹ̀lú àwọn tó ń gbé inú oríṣiríṣi kòkòrò. Ẹ̀yin onílé ní Ibo Road á tètè mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Aràn ni onílé, Wolbachia ni ayálégbé. Ṣùgbọ́n owó ilé tí ayálégbé ń san ni onílé fi ń jẹun. Ẹ lé ayálégbé jáde, ebi á pa onílé. Láìsí Wolbachia, aràn kò lè bímọ, kò sì lè pẹ́ láyé. Oògùn apakòkòrò, àwọn tí ẹ ń pè ní antibáyótíìkì, kì í pa aràn fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n doxycycline ń pa Wolbachia. Bí ìyẹn bá ti kú, abo aràn á kọ́kọ́ yàgàn. Bí ọdún kan sí méjì bá kọjá, òun náà á kú jẹ́ẹ́.

Achim Hoerauf ará Jámánì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló fi èyí hàn lára ènìyàn ní Ghana, lórí aràn afọ́jú etí odò. 2000 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ti jàbùtẹ̀ dé ní 2005. Mark Taylor láti Liverpool àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ lọ sí abúlé Kimang'a, ní Pangani ní Tanzania. Wọ́n pín ènìyàn 72 tí aràn wà lára wọn sí ọ̀nà méjì. Wọ́n fún apá kan ní doxycycline mílígíráàmù 200 lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 8. Wọ́n fún apá kejì ní kápúsù tó jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí kò ní oògùn nínú. Nígbà tó di oṣù 14, wọ́n fi ẹ̀rọ skáànù wo ibi tí aràn ń gbé. Àgbà aràn tó wà láàyè kì í sinmi lójú skáànù. Ijó ni àwọn oníṣègùn ń pe ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Nínú ènìyàn 27 tí wọ́n yẹ̀ wò lára àwọn tó lo Doxy, 6 péré ni wọ́n ṣì rí aràn lára wọn. Nínú 27 tí kò lò ó, 24 ni. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí rédíò: 6 nínú 27, 24 nínú 27.

Pé aràn ń kú díẹ̀díẹ̀, oore ni. Oògùn tó bá pa ọ̀pọ̀ aràn lẹ́ẹ̀kan náà máa ń dá ibà, ara yíyún àti wíwú sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ Doxy sì tún kan àwọn aládùúgbò wa tí ilé wọn wà ní apá igbó gúúsù, lọ́nà Cross River, níbi tí aràn ojú tí wọ́n ń pè ní Loa loa wà. Bí Loa bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan tó sì lo ivermectin, ó lè kan ọpọlọ rẹ̀. Loa kò ní Wolbachia lára rárá, nítorí náà Doxy kì í dá a lóhùn. Ní Cameroon, níbi tí Loa àti aràn afọ́jú etí odò jọ wà, àwọn ará abúlé ló fọwọ́ ara wọn pín Doxy ọ̀sẹ̀ 6 láàárín ara wọn. Ó lé ní 12,000 ènìyàn tó gbà á, ó sì tó 97 nínú 100 tó lò ó bó ṣe yẹ. Ẹni tó bá sọ fún yín pé tálákà kò lè lo oògùn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tán, ẹ fi Cameroon dá a lóhùn.

Ẹsẹ̀ tó ti wú ńkọ́? Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ní Ghana, wọ́n dán an wò lára ènìyàn 162 tí ẹsẹ̀ wọn ti wú, wọ́n sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2012. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹsẹ̀ bíi 44 nínú 100 àwọn tó lo Doxy fún ọ̀sẹ̀ 6 ti rọlẹ̀ sí i. Àwọn tó lo amoxicillin, 3 nínú 100. Àwọn tó gba èyí tí kò ní oògùn nínú, kò pé 6. Kódà àwọn tí aràn kò sí lára wọn mọ́ jàǹfààní. Inú mi dùn nígbà tí mo kà á. Ṣùgbọ́n n kò ní tan yín jẹ: nígbà tí wọ́n tún un dán wò ní Mali, tí wọ́n kọ́ tolóògùn-tàìlóògùn bí a ṣe ń fọ ẹsẹ̀ tí a sì ń tọ́jú rẹ̀ lójoojúmọ́, àwọn tó lo Doxy kò fi bẹ́ẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Lójú tèmi, Doxy wà fún aràn. Ẹsẹ̀ ní oògùn tirẹ̀, oògùn náà sì ni ọṣẹ àti omi.

Kì í ṣe aràn nìkan ló ń sọ ẹsẹ̀ di ńlá. Aràn ti ba iṣan jẹ́, omi ara kò rí ọ̀nà lọ, awọ á fẹ̀, á nípọn, á máa là. Ẹ sì mọ ọyẹ́ Kánò, bó ṣe ń la gìgísẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ojú ibi tó là ni bakitéríà mìíràn ń gbà wọlé. Ẹsẹ̀ á gbóná, á pọ́n, ibà á dé, olówò á ti ṣọ́ọ̀bù pa fún ọ̀sẹ̀ kan. Gbogbo ìgbà tí èyí bá ṣẹlẹ̀ ni ẹsẹ̀ ń fi kún títóbi rẹ̀. Ẹ dá ìyẹn dúró, ẹ ti dá ìdajì wàhálà dúró.

Mo mọ̀ pé omi lówó ní Sábọ́n Gàrí. Kẹ́ẹ̀gì mẹ́ruwà kan, ẹ lè fi ìdajì rẹ̀ ṣe é. Alẹ́ ló dára jù, lẹ́yìn ọjà. Omi tí kò gbóná, ọṣẹ lásán tí kò ní ìpara bíbó nínú, ọwọ́ tàbí aṣọ tó rọ̀. Ẹ má fi kànìnkànìn líle ha á. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orúnkún wá sísàlẹ̀, kí ẹ la gbogbo ibi tó ká pọ̀ já, kí ẹ dé àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣan ọṣẹ kúrò títí omi á fi mọ́. Ẹ wá nù ún gbẹ, ní pàtàkì àárín ọmọ ìka. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń fojú fò, ibẹ̀ sì ni ọ̀tá ń gbà wọlé. Ibi tó bá là tàbí tó ní egbò, ẹ fi ìpara tí nọ́ọ̀sì bá fún yín sí i, kì í ṣe epo mọ́tò, kì í ṣe eérú. Bí ẹ bá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ gbé ẹsẹ̀ náà lé àpótí, ẹ máa yí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ po. Bàtà tí kò fún ni kí ẹ wọ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá bàbá yín fọ ẹsẹ̀ yẹn, ọwọ́ rẹ̀ lè má tó o. Àìsàn náà kì í ranni nípa fífọwọ́ kàn.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń rò. Kánò ni mo ti ń sọ̀rọ̀ oògùn apakòkòrò, Kánò kò sì gbàgbé 1996. Lọ́dún yẹn tí sankarau, àrùn ọrùn líle, ń pa àwọn ọmọdé, ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn apakòkòrò tuntun kan tí wọ́n ń pè ní Trovan wò ní Asibitin Zana. Ọmọ 200 ni: 100 gba Trovan, 100 gba oògùn mìíràn. Ọmọ 11 ló kú, 5 nínú àwọn tó gba Trovan, 6 nínú àwọn yòókù. Àwọn òbí sọ pé ẹnikẹ́ni kò jẹ́ kí àwọn mọ̀ pé ìdánwò ni. Pfizer kò gbà pé òun jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ní 2009 ó gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là láti fi parí ẹjọ́ pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò. Ìfura tó ti ibẹ̀ wá wà lára ohun tó mú kí Kánò dá oògùn àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dúró ní 2003.

N kò ní sọ fún ẹni tí ẹ̀rù ń bà pé kí ẹ̀rù má bà á. Ohun tí mo lè sọ ni pé Doxy kì í ṣe oògùn tí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dán wò bóyá kò ní pani. Láti 1967 ni wọ́n ti fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà, àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ènìyàn ló sì ti lò ó. (Pfizer kan náà ló kọ́kọ́ gbé e jáde, ẹ wò bí ayé ṣe rí! Lónìí, ilé iṣẹ́ lóríṣiríṣi ló ń ṣe é.) Ẹ̀tọ́ yín ni láti béèrè: kí lorúkọ oògùn yìí, kí ló wà fún, ọjọ́ mélòó ni n óò lò ó, ta ni n óò padà wá rí bí ara mi kò bá gbà á? Dókítà tí inú bá ń bí sí ìbéèrè yẹn, ẹ wá ẹlòmíràn lọ.

Kí ló wá dé tí ìjọba kò kàn pín Doxy bí wọ́n ṣe ń pín ivermectin? Ìdí kan ni àkókò. Ivermectin, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Doxy, ojoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Ìdí kejì ni pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló lè lò ó. Aboyún kò gbọdọ̀ lò ó, ìyá ọmọ tó ń fọ́mọ lọ́mú kò gbọdọ̀ lò ó, bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8, nítorí ó ń wọ eyín àti egungun ọmọ, eyín á sì pàwọ̀ dà títí ayé. Ó tún máa ń jẹ́ kí oòrùn tètè jó awọ ara. Oòrùn Kánò sì rèé! Ẹni tó bá ń lò ó, kó fi omi kọ́ọ̀pù kan kíkún gbé e mì, kó má ṣe dùbúlẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí bó bá há sí ọ̀nà ọ̀fun, á bó o. Kó má fi fura da nono gbé e mì. Wàrà, oògùn ẹ̀jẹ̀ àti oògùn àyà títa máa ń dì í mú, kì í jẹ́ kó wọnú ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ.

Ìdí tó bà mí lẹ́rù jù ni èyí tí à ń ṣe lójoojúmọ́ ní ọjà wa. A ń ra kápúsù mẹ́rin. Ara yá, a fi ìyókù pamọ́ fún aládùúgbò. Bakitéríà tí a kò pa tán á kọ́ bí a ṣe ń sá fún oògùn, lọ́jọ́ tí ọmọ bá wá nílò rẹ̀ gan-an, kò ní jẹ́ mọ́. Doxy ọjọ́ mẹ́rin kò sì lè ṣe aràn ní nǹkan kan. Ẹni tó bá rà á bẹ́ẹ̀ fún jàbùtẹ̀ sọ owó nù, ó sì ba oògùn jẹ́ fún gbogbo wa.

Oògùn kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún: diethylcarbamazine, tí àwọn àgbà mọ̀ sí Banocide. Wọ́n ń lò ó fún jàbùtẹ̀ ní India, ó sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nílé wa tí aràn afọ́jú etí odò wà, bí ẹni tí aràn yẹn wà lára rẹ̀ bá lò ó, ojú rẹ̀ lè bàjẹ́. Ẹ má fọwọ́ ara yín rà á.

Àyẹ̀wò ti rọrùn ju ti àtijọ́ lọ. Pépà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà báyìí tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ orí ìka sí, lọ́sàn-án gangan, tó ń sọ bóyá aràn wà tàbí kò sí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ní in. Bí ti àdúgbò yín kò bá ní, ẹ ní kí wọ́n kọ ìwé fún yín lọ sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Aminu Kano tàbí Murtala Muhammad. Ohun tí Hausa ń pe ẹsẹ̀ náà ni tundurmi, bí ẹ bá ń wá ọ̀rọ̀ láti bá nọ́ọ̀sì sọ. Ẹ rántí pé kì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ wíwú ni jàbùtẹ̀. Ọkàn lè fà á, kíndìnrín lè fà á, rírin láìwọ bàtà fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí irú ilẹ̀ kan lè fà á. Doxy kò ní tún kíndìnrín ṣe fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin olóògùn wa ní Ibo Road, ẹ̀yin ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan lé lọ́wọ́ kí n tó lọ. Ọ̀dọ̀ yín ni aláìsàn ń kọ́kọ́ dé, kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, nígbà mìíràn dípò dókítà. Bí ẹlẹ́sẹ̀ wíwú bá dé iwájú káńtà yín lọ́la, ẹ má gé káàdì Doxy sí méjì fún un. Ẹ ta ọṣẹ fún un, ẹ fi hàn án bí yóò ṣe nu àárín ọmọ ìka rẹ̀ gbẹ, ẹ kọ ibi àyẹ̀wò sí pépà fún un. Bó bá padà wá pẹ̀lú ìwé dókítà, ẹ ta oògùn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà fún un ní pípé, èyí tó ní nọ́ńbà NAFDAC lára, kí ẹ sì gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀ kí ẹ lè máa pè é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bóyá ó ń lò ó.